Kí Sòbìà Tó Dẹgbò: Ìmọ̀ Tó Ń Tọ́jọ́ àti Omi Àwọn Tálákà

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé gbogbo wa ni. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa bí yunifásítì ṣe ń kọ́ni àti bí ó ṣe ń ṣe ìwádìí, kí ayé yìí lè gba àwa àti àwọn ọmọ wa. Púpọ̀ nínú yín ló ní ọmọ ní yunifásítì, àwọn mìíràn sì ń gbàdúrà kí ọmọ tiwọn wọlé. Bí a bá bi yín pé kí ni ẹ fẹ́ kí ọmọ yín kà, ẹ ó ní dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà. Ó dára, Ọlọ́run yóò ṣe é. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bèèrè. Bí dókítà bá dá dúró, tí ẹnjiníà dá dúró, tí ẹni tó kàwé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ náà dá tirẹ̀ dúró, ta ni yóò yanjú ìṣòro tó gba ọwọ́ gbogbo wọn pọ̀?

Ní ọdún 1987, ìgbìmọ̀ kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ gbé ìwé jáde lórí ohun tí a lè pè ní ìdàgbàsókè tó ń tọ́jọ́. Gro Harlem Brundtland, obìnrin ará Norway, ni alága ìgbìmọ̀ náà. Dókítà oníṣègùn ni kó tó di olórí ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ohun tí ìwé náà ń sọ kò le: kí àwa tó wà láyé lónìí máa rí ohun tí a nílò, ṣùgbọ́n kí a má ba ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́. Àwọn baba wa ti mọ èyí tipẹ́. Àgbẹ̀ tó jẹ iṣu tán, tó tún jẹ èbù, kí ni yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀?

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dà bí àlọ́, ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan tó ṣẹlẹ̀ ní àyíká wa níbí, ní Ìlọrin àti àwọn abúlé rẹ̀. Àpẹẹrẹ náà ni sòbìà.

Ẹ̀yin àgbà mọ sòbìà dáadáa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò mọ̀ ọ́n, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òwe rẹ̀ nìkan ló kù sí yín létí: kí sòbìà tó dẹgbò la ti í ké sí olúgànbe. Olúgànbe ni ewé tí àwọn àgbà fi ń tọ́jú rẹ̀. Àrùn náà bá wa gbé pẹ́ débi pé ó wọ inú èdè wa.

ÀRÙN TÍ TÁLÁKÀ Ń FI IGBÁ MU

Báyìí ni sòbìà ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú omi adágún tí kò ṣàn, àwọn kòkòrò kan wà tí wọ́n kéré débi pé agbára káká ni ojú lásán fi lè rí wọn. Àwọn kòkòrò yìí ti gbé ọmọ sòbìà mì. Èèyàn á bu omi náà mu, kò ní rí nǹkan kan, kò sì ní mọ nǹkan kan lára. Ọmọ sòbìà á máa dàgbà nínú ara rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan, abo rẹ̀ sì lè gùn tó mítà kan. Lẹ́yìn náà ni ìléròrò á yọ, lẹ́sẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, á sì máa jó onítọ̀hún bí iná. Kí ni yóò ṣe? Yóò ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tù ú lára. Ibẹ̀ gan-an ni sòbìà ti ń tú ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún sínú omi tí gbogbo abúlé ń pọn mu. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó di ti aládùúgbò, tàbí kí ó tún padà di ti ẹni àkọ́kọ́, nítorí pé ẹni tó ti ṣe é rí lè tún un ṣe.

Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Kò sí oògùn tó ń pa á nínú ara. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a máa rọra ká a mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ó bá já sínú ara, wàhálà mìíràn dé nìyẹn.

Ó sì sábà máa ń yọ lákòókò tí iṣẹ́ oko bá pọ̀. Baba ilé á dùbúlẹ̀, iṣu á wà nínú ebè, kò ní sí ẹni tí yóò wà á. Ìyá kò ní lè dìde gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ọmọ ilé ìwé á jókòó sílé. Ní 1987, àjọ UNICEF ṣe ìṣirò kan ní apá kan ìlà oòrùn Nàìjíríà níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì. Wọ́n rí i pé sòbìà ń mú kí àwọn àgbẹ̀ pàdánù nǹkan bí ogún mílíọ̀nù dọ́là lọ́dọọdún.

Ẹ wá ṣàkíyèsí ohun kan. Sòbìà kò bèèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìmàle àti onígbàgbọ́ ló ń bá jà. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ní omi ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní. Ẹni tó ń gbé ní GRA, tí omi ń dà nínú ilé rẹ̀, kì í ṣe sòbìà. Nítorí náà ni mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ òdodo ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlera nìkan.

NÍGBÀ TÍ ÀWỌN Ọ̀MỌ̀WÉ JÓKÒÓ SÓRÍ ẸNÍ KAN

Ọdún 1975 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Luke Ẹdúngbọlá, onímọ̀ nípa aràn àti kòkòrò tó ń gbé inú ara, ń wádìí iye àwọn tí sòbìà ń bá jà ní Ìlọrin àti ní àwọn abúlé Kwara. Ó lè jókòó ti ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá nínú yàrá ìwádìí, kí ó sì kọ ìwé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró síbẹ̀. Obìnrin kan, Susan Watts, tó jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ jọ́gíráfì ní yunifásítì kan náà, bá a dá sí i.

Ẹ lè sọ pé kí ló kan jọ́gíráfì nínú ọ̀rọ̀ aràn? Ẹ wo bí ìbéèrè wọn ṣe yàtọ̀. Onímọ̀ aràn ń bèèrè pé: kí ló wà nínú omi yìí? Onímọ̀ jọ́gíráfì ń bèèrè pé: ta ló ń lọ sí omi yìí, ìgbà wo ló ń lọ, kí ló sì gbé e lọ síbẹ̀? Obìnrin yìí kọ̀wé lórí ìwà àwọn èèyàn àyíká Ìlọrin nípa omi, ó sì tún kọ̀wé lórí bí ìrìn-àjò èèyàn ṣe ń gbé sòbìà láti ibì kan dé ibòmíràn. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin kan ní kànga tó dára nílé. Ó jí, ó lọ sí oko, oòrùn mú, ó bu omi adágún mu níbẹ̀. Ẹni tó yẹ kànga ilé rẹ̀ wò kò ní rí àrùn kankan, síbẹ̀ ọkùnrin náà yóò ṣe sòbìà. Kì í ṣe inú ẹ̀rọ ìwádìí ni a ti ń rí irú èyí. Ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ̀lé èèyàn dé oko kí a tó rí i.

Láàárín àkókò yẹn, wọ́n gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ ní àwọn abúlé ìjọba ìbílẹ̀ Asà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNICEF. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹdúngbọlá, Susan Watts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wádìí ohun tí omi yìí ṣe, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1988. Sòbìà dín kù gidigidi. Omi tó mọ́, tó sún mọ́ ilé, ló ṣe é. Ṣáájú ìyẹn, ní 1985, Ìlọrin níbí ni wọ́n ti ṣe ìpàdé àpapọ̀ àkọ́kọ́ lórí sòbìà ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin, ìtàn tó yẹ kí ẹ máa sọ fún ọmọ yín nìyẹn.

Kì í ṣe Ìlọrin nìkan. Ní Ìdèrè, ní Ìbàràpá, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, Joshua Adéníyì àti William Brieger, bá àwọn ará ìlú jókòó. Wọ́n gbọ́ lẹ́nu wọn pé ara gbogbo èèyàn ni sòbìà wà láti ilẹ̀, bí iṣan. Bí o bá ń sọ fún ẹni tó gba èyí gbọ́ pé kí ó sẹ́ omi, kí ni yóò sẹ́ ẹ fún? Wọn kò fi àwọn èèyàn náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n fetí sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ni, wọ́n sì kọ́ àwọn kan láàárín àwọn ará ìlú gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìlera, tí wọ́n ń bá aládùúgbò wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń ta aṣọ asẹ́ fún wọn. Aṣọ ọ̀rá tí ojú rẹ̀ kéré ni, tí a ń fi sẹ́ omi mímu. Aṣọ tí ojú rẹ̀ dára lè ran ilé kan lọ́wọ́ kí ọdún tó ń bọ̀ má mú sòbìà wá, bí wọ́n bá ń sẹ́ gbogbo omi tí wọ́n ń mu.

Nígbà tí Nàìjíríà ka àwọn aláìsàn rẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè ní 1988 sí 1989, wọ́n ju 650,000 lọ. Ní àgbáyé, wọ́n fojú bù ú ní 1986 pé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ èèyàn ló ń ṣe é lọ́dún. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀: kànga-dẹ̀rọ, aṣọ asẹ́, oògùn tí wọ́n ń dà sínú adágún láti pa kòkòrò inú rẹ̀, àti àwọn ará abúlé tí wọ́n ń wo ilé dé ilé. Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, àti Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí wa tẹ́lẹ̀, fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé abúlé nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, wọ́n rí ẹni ìkẹyìn ní abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìà.

Ní ọdún 2023, àwọn tí wọ́n rí i lára wọn ní gbogbo àgbáyé kò tó ogún. Síbẹ̀ kò tíì tán pátápátá. Ní orílẹ̀-èdè Chad, wọ́n rí i pé sòbìà ti wà lára ajá. Ó wá di dandan kí dókítà ẹranko náà wá jókòó sórí ẹní tí dókítà èèyàn, ẹnjiníà àti onímọ̀ jọ́gíráfì jókòó sí. Bí ó bá parí, yóò jẹ́ àrùn èèyàn kejì tí ayé pa run lẹ́yìn ìgbóná, àti àkọ́kọ́ tí a pa run láìsí abẹ́rẹ́ àjẹsára àti láìsí oògùn.

Ẹ̀KỌ́ MẸ́TA TÍ A RÍ KỌ́

Èkíní, ìmọ̀ kan ṣoṣo kò tó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹni tó mọ aràn kò mọ ibi tí omi wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ẹni tó lè gbẹ́ ilẹ̀ kan omi kò mọ ìdí tí ìyá arúgbó fi kọ̀ láti mu omi kànga-dẹ̀rọ, tó ní ó ń rùn bí irin. Ìyá arúgbó náà ní ìmọ̀ tirẹ̀, ó mọ adágún tó ń gbẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ àti èyí tí kì í gbẹ. Bí ẹnìkan bá kúrò lórí ẹní, iṣẹ́ dúró.

Èkejì, tálákà kì í ṣe ohun àyẹ̀wò lásán. Ìwádìí kan wà tó dà bí olè: wọ́n á dé abúlé, wọ́n á bèèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn, wọ́n á lọ kọ ìwé, wọ́n á gba oyè. Abúlé kò ní gbúròó wọn mọ́. Ìwádìí tó tọ́ a máa padà wá. Á wá sọ ohun tó rí fún àwọn tó fún un ní ọ̀rọ̀, lédè tí wọ́n gbọ́, á sì fi nǹkan sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀kẹta, ohun tí yóò tọ́jọ́ gbọ́dọ̀ ní olùtọ́jú. Ẹ rántí Ísáákì. Baba rẹ̀ ti gbẹ́ kànga, àwọn ọ̀tá sì dí wọn. Iṣẹ́ Ísáákì ni pé kí ó tún wọn gbẹ́. Lónìí, kò sí ọ̀tá tó ń fi erùpẹ̀ dí kànga wa. Àìbìkítà ló ń dí i. Ẹ wo iye pọ́ǹpù tó dákẹ́ káàkiri ìgbèríko wa, tí igi rẹ̀ dúró, tí omi kò jáde. Wọ́n ṣí i, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Rọ́bà kékeré kan bàjẹ́ nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ibi tí a ti ń rà á, kò sí ẹni tó ń gba owó ìtọ́jú jọ. Àwọn obìnrin sì padà sí odò. Sòbìà ti lọ, ṣùgbọ́n onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun kò lọ. Omi kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé.

OHUN TÍ ÀWỌN YUNIFÁSÍTÌ WA Ń ṢE

A kì í ṣe aláìmoore. Yunifásítì Ìlọrin ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní COBES, tó ti wà láti ìparí àwọn ọdún 1970. Nínú ètò yìí, wọ́n ń rán àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ gbé ní ìgbèríko. Wọn á bá àwọn ará ibẹ̀ wá ohun tó ń fa àìsàn, wọn á sì bá wọn wá nǹkan ṣe sí i. Ọmọ tó ti pọn omi odò lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé ìdí tí aláìsàn rẹ̀ fi ń yàgbẹ́ gbuuru.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ ní 2010 fún ìdàgbàsókè tó ń tọ́jọ́. CESDEV ni wọ́n pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lábọ̀dé Pópóọlá, onímọ̀ nípa igbó àti ọrọ̀ ajé rẹ̀, ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹni tó kàwé nípa ìlera, ẹni tó kàwé nípa ọrọ̀ ajé, ẹni tó kàwé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹni tó kàwé nípa ìwà ẹ̀dá ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá kan náà.

Ní Ìlọrin níbí, ibùdó ìjọba àpapọ̀ wà ní yunifásítì wa fún ìwádìí lórí iná mànàmáná tí a ń fi agbára omi ṣe. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìtòsí wa ni Jẹ́bà àti Kainji wà. Nígbà tí wọ́n parí ìsédò Kainji ní 1968, nǹkan bí 44,000 èèyàn ló ti ní láti kó kúrò nílé baba wọn. Gbogbo Nàìjíríà jẹ àǹfààní iná náà, ṣùgbọ́n àwọn tó wà létí odò Ọya ni omi ń gbé ilé wọn lọ nígbà tí odò bá kún. Ṣé ẹnjiníà nìkan ló yẹ kí ó dáhùn ọ̀rọ̀ yìí? Ó kan agbẹjọ́rò, ó kan àgbẹ̀, ó kan apẹja. Ó kan àwa náà.

KÍ NI KÍ ÀWA ṢE?

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ẹ̀ka ìmọ̀ kankan ṣe ẹlẹ́yà. Bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ kà nípa ilẹ̀, nípa omi, tàbí nípa ìwà àwọn èèyàn, ẹ má sọ pé, "Èwo ni jọ́gíráfì?" Ìmọ̀ jọ́gíráfì wà lára ohun tó lé sòbìà kúrò ní Asà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ ìwé ìparí ẹ̀kọ́ yín, ẹ bi ara yín pé abúlé wo ni yóò jàǹfààní rẹ̀. Bí ẹ bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn, ẹ padà lọ sọ èsì fún wọn. Ẹ bá ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ tó yàtọ̀ sí tiyín ṣọ̀rẹ́.

Ẹ̀yin ará ìjọ, àdúgbò wa ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ka iye pọ́ǹpù àti ẹ̀rọ omi tó wà ládùúgbò kọ̀ọ̀kan: èwo ló ń ṣiṣẹ́, èwo ló dákẹ́, ọdún wo ló ti dákẹ́? Kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a pe àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí sí i, nítorí pé omi kan náà ni gbogbo wa ń mu. Kí a yan ẹni tí yóò máa tọ́jú owó àtúnṣe, kí a sì mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Bí a bá ń gbẹ́ kànga sínú ọgbà wa, kí a kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ṣáláńgá wà, tiwa àti ti aládùúgbò. Kí a sì jáwọ́ nínú dída ilẹ̀ sínú odò Asà. Ilẹ̀ tí ó bá dí odò lókè, ilé àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ ni omi yóò wọ̀.

Ẹ̀yin ará mi, èrò ìwòsàn ni òwe àwọn baba wa ń sọ, pé kí a tètè pe olúgànbe. Àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn ará abúlé wá fi kún un: kí a tọ́jú omi, kí sòbìà má tilẹ̀ wọlé. Ọmọ ogún ọdún tó jókòó síbí kò mọ bí sòbìà ṣe rí. Ẹnìkan ló ṣe é bẹ́ẹ̀ fún un kó tó dáyé. Kí ni àwa náà ń ṣe lónìí, tí ọmọ tí a kò tíì bí kò fi ní mọ̀ ọ́n láéláé?

 Kí Olúwa bù kún ilé yín, kí ó sì bù kún omi yín.